Àwọn Tó Kọjú Sógiri

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Èrèlé

Kí n tó kọ ohunkóhun, kí ìwé yìí kọ́kọ́ mọ ẹni tó mú bírò dání. Èmi ni Roscoe Tillery, tí ìyá rẹ̀ kú kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Tí bàbá rẹ̀ fi bẹ́líìtì lé jáde nílé ní Alabama, nítorí pé ó ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ọmọkùnrin aládùúgbò. Mo sùn ní ibùdókọ̀. Mo jẹ àjẹkù inú abọ́ tí mo ń fọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá kó mi nílé ijó, wọ́n tẹ orúkọ mi sínú ìwé ìròyìn, ọ̀gá mi kà á, ó ní kí n má padà wá. Iná jó ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ dá sílẹ̀ láti máa wọ aṣọ fún àga, tìmùtìmù, aṣọ àga àti gbogbo rẹ̀. Àrùn éèdì ọdún wọ̀nyẹn dé, ó ń ká àwọn ọ̀rẹ́ wa bí ẹni ń ká àgbàdo, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fò mí.

Mo là á já. Lónìí orúkọ TILLERY wà lára mọ́tò akẹ́rù mẹ́ta, kò sì sí sófà tó gbé èèyàn dáadáa ní Pittsburgh tí ọwọ́ mi ò kàn rí. Mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹfà. Síbẹ̀ èmi ni mo ń gbé ìwé jáde.

Ìwé aláwòrán ni, ti àwọn ọmọdé: bí àwa ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, àti àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, ṣe ń gbé ní ìlú yìí nígbà tí ijó lásán lè gbé èèyàn dé àtìmọ́lé. Èmi ń sọ ọ́, Marisol, ọmọbìnrin ayàwòrán kan, ń yà á. Marisol ló ní kí n máa kọ ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn sílẹ̀, kí n yéé pe òun láàárọ̀ kùtùkùtù. Nínú àwọn ojú ìwé tó ti yà, mo wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé. Ara mi ò balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Yìnyín. Mo wa yìnyín kúrò níwájú ilé mi títí ẹ̀yìn ń ro mí, mo gbé àga onígi mi sí àyè mọ́tò tí mo wà, kí ẹlòmíràn má baà gba ibẹ̀, bí ọmọlúàbí ìlú yìí ṣe ń ṣe. Mo lọ ra ẹyin. Dọ́là mẹ́jọ! Ṣé adìẹ tó yé e gboyè yunifásítì ni? Mo padà dé, mọ́tò ẹlòmíràn wà ní àyè mi, àga mi sì dojú délẹ̀ lórí òkìtì yìnyín. Ẹni tó lè gbé àga onílé kúrò lójú títì, kò sí ohun tí kò lè ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Marisol gbé ojú ìwé ijó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n yà. Ó ya iná pupa, ó ya ẹ̀rọ olórin tí à ń sọ owó sí lẹ́nu, ó ya èmi sáàárín nínú ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, eyín mi funfun bí àwo tuntun. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù, ìpàkọ́ ló yà fún wọn.

Mo ní, "Ojú wọn dà?"

"Bàbá, inú fọ́tò tí ẹ kó fún mi ni mo wò. Kò sí ojú níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọjú síta."

"Vernell ti kígbe nìyẹn."

"Kígbe kí ni?"

"Ògiri o!"

Ó ń wò mí. Mo gbàgbé pé ọmọ àná ni. Mo ní, "Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò ní Abẹ́-Àtẹ̀gùn, ilé ijó wa, láìkọ́kọ́ sọ fún Vernell. Tíṣà ni, ohùn rẹ̀ sì ju ti ẹ̀rọ olórin lọ. Á kígbe pé 'Ògiri o!' Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ojú òun hàn á kọjú sógiri títí iná fọ́tò á fi kọ. Ijó á tún máa lọ. Ẹni tó bá yà á láìjẹ́ kó kígbe, a máa ń yọ fíìmù rẹ̀ sínú ife bíà."

"Ẹ̀yin ò wá yí rí?"

"Èmi kẹ̀? Orúkọ mi tó ti jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ló kù tí mo fẹ́ fi pa mọ́?"

Ó tọ́ka sí ẹ̀yìn gíga kan. "Ta nìyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin aláṣọ àwọ̀ ewé yìí?"

"Obìnrin yẹn ni Vernell. Lonnie nìyẹn."

"Lonnie tiyín?"

Mo ní kó jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọ̀ ògiri.

Onígbàjámọ̀ ni Lonnie. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sí ọ̀gá tó lè lé e, kò sì ní bàbá tó lè nà án. Síbẹ̀, bí Vernell bá ti kígbe, Lonnie ti yí. A gbé pọ̀ títí irun àwa méjèèjì fi funfun, mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí. Ẹ̀rù ohun tó lè sọ ló bà mí. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti kú. Nínú gbogbo fọ́tò ilé ijó yẹn, kò sí ọ̀kan tí àwa méjèèjì jọ kọjú síta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ilé ìkàwé àdúgbò gbà kí a fi àwòrán wa dán àwọn ọmọ tó ń wá gbọ́ ìtàn wò. Mo wọ kóòtù mi tó pọ́n bí ẹyin iná. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá wọn rẹ́rìn-ín, mo dára gan-an, irọ́ ò sí níbẹ̀. A dé ojú ìwé ijó. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ nawọ́ sókè.

"Bàbá, kí ni wọ́n ṣe?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ kọjú sógiri. Ṣé wọ́n na ẹnìkan ni?"

Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn: "Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nígbà tí tíṣà ń sọ̀rọ̀."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Àfi bàbá yìí. Òun ló fẹjọ́ wọn sùn."

Inú ilé ìkàwé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo wa mọ́tò kọjá ilé ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo pe Marisol.

"Bàbá, ilẹ̀ ò tíì mọ́."

"Ya ojú fún wọn."

"Ojú wo? Àwọn tí kò fi ojú hàn?"

"Èmi mọ ojú wọn. Mo ń sọ, ìwọ ń yà."

"Ṣé wọ́n gbà?"

"Òkú kì í kọ̀."

"Gbogbo wọn ló ti kú?"

"Ó ku Vernell. Inú rẹ̀ á dùn. Ta ni wọ́n fẹ́ yà sínú ìwé tó máa bínú?"

Ó ń da kọfí, mo ń gbọ́ ọ. Ó ní òun á yà á, ṣùgbọ́n kí n mú un lọ fi han Vernell kí ìwé náà tó kúrò ní Pittsburgh lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mo ní kí ló rò pé mo jẹ́?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú àwẹ̀ Lẹ́ńtì. Mo tò sórí ìlà ẹja díndín tí wọ́n ń tà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì àwẹ̀ náà, ẹja tó yọ jáde nínú búrẹ́dì lọ́tùn-ún lósì bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ti ga ju bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Marisol bá mi. Ó fa àwòrán yọ, ó gbé e síwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ọtí kíkan.

Beulah nìyẹn pẹ̀lú àlàfo eyín rẹ̀. Hosea nìyẹn, irun rẹ̀ bí adé. Vernell, àgbọ̀n rẹ̀ lókè. Lonnie sì nìyẹn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kọjú síta, ó ń rẹ́rìn-ín.

Marisol ní, "Ṣé ó jọ ọ́?"

Mo ní mo fi iná mọ́tò mi sílẹ̀ ní títàn, mo ń bọ̀. Mi ò fi iná kankan sílẹ̀. Mo rìn yí ṣọ́ọ̀ṣì náà po, mo tún yí i po. Nígbà tí mo wọlé, ẹja mi ti tutù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gun òkè lọ sí ilé àwọn àgbà níbi tí Vernell ń gbé. Ó jókòó sí àga aláwọ̀ búlúù tí èmi fúnra mi wọ aṣọ fún, tìmùtìmù rẹ̀ ṣì le bí àyà akọni. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ṣùgbọ́n bó bá wo èèyàn, èèyàn á wo èékánná ara rẹ̀ bóyá ó mọ́.

"Roscoe, èwo ni mí níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìyẹn, ẹni tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé. Ẹ ò rí bí ẹ ṣe rẹwà?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta ló yí mi padà?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yí yín. Àwọn ọmọ rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ yín."

"Mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ yí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ayé ti yí."

"Ayé ti yí. Èmi ńkọ́?" Ó dá àwòrán náà padà sórí itan mi. "Mo ní rárá nígbà yẹn. Ta ló sọ fún ọ pé rárá mi ti di bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ̀rù kí ló tún ń bà yín lọ́jọ́ orí yìí? Ṣé wọ́n á gba kíláàsì lọ́wọ́ yín ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ ọmọ yìí. Ta ló sọ̀rọ̀ ẹ̀rù? Ojú mi ni. Mo mọ ẹni tí mo fi hàn, mo sì mọ ẹni tí mi ò fi hàn."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo ní ojo ni gbogbo wọn, àti òun àti Hosea àti Beulah, títí kan ẹni tí mo bá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Mo ní èmi nìkan ni mo dúró bí ọkùnrin.

Vernell tẹ aago. Nọ́ọ̀sì dé, ó ní, "Bàbá, ọ̀nà ìta rèé," bí ẹni tó ń lé ẹni tó wá polówó oògùn ikán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mi ò pè é. Kò pè mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Gretchen pè láti ilé ìtẹ̀wé. Bí ìwé kò bá dé ọ̀dọ̀ òun lọ́jọ́ kọkànlélógún, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí, ta ló fi ọdún tó ń bọ̀ hàn mí? Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣe àwàdà.

Marisol kọ̀ láti fi ojú ìwé ijó ránṣẹ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ojú Vernell bá wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan.

"Ṣé ìwọ lo ni ìtàn ni?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ni ojú."

"Ó dáa, yọ ọ́ kúrò pátápátá. Fi àga sí àyè rẹ̀."

"Kí n yọ Vernell? Ta ló máa wá kígbe 'Ògiri o'? Àga?"

Mo pa fóònù. Mo tún un pè láti sọ pé èmi ni mo pa á.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo tú sófà oníbàárà kan tí kò ní ohun tó ń ṣe é. Mo yọ gbogbo ìṣó rẹ̀, mo tún kàn wọ́n padà. Ẹja ò dùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Vernell ló pè. "Wá. Kó fọ́tò dání. Àwòrán yẹn, fi sílé."

Mo fẹ́ sọ pé mo níṣẹ́. Mo ti wà nínú mọ́tò kí n tó sọ ọ́.

Kò kí mi. Ó fi ìka lé ẹ̀yìn kan nínú fọ́tò.

"Ta nìyí?"

"Beulah."

"Kí niṣẹ́ Beulah?"

"Ó ń ta oúnjẹ. Òun ló nilé oúnjẹ rẹ̀."

"Ta ló lè lé Beulah níṣẹ́?"

"Kò sí."

"Èyí ńkọ́?"

"Hosea."

"Kí niṣẹ́ Hosea?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Hosea ò ṣiṣẹ́ kankan rí láyé rẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ìka rẹ̀ kọjá sórí ẹ̀yìn gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. "Eléyìí ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi apá aṣọ mi nu fọ́tò náà.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ kígbe ògiri," Vernell ní, "èmi nìkan ni mo yí. Èmi nìkan ni mo níṣẹ́ tí wọ́n lè gbà. Ojú tì mí, bíi pé aṣọ bọ́ lára mi láàárín ijó. Ẹni tó bá rí fọ́tò yẹn, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi ni pé: ta ni ẹ̀yìn kan ṣoṣo yìí? Mo ní mi ò ní wá mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì mo tún wá, mo kígbe, mo yí, mo rí Lonnie lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ó ní, 'Tíṣà, ògiri yìí mà ń fẹ́ ọ̀dà o.' Ẹ̀rín pa mí. Beulah gbọ́ ẹ̀rín, òun náà yí. Kí oṣù tó parí, bí mo bá kígbe, gbogbo ilé ló ń yí. Ta ló wá máa mọ ẹni tó ń sá fún nǹkan?"

"Gbogbo ilé. Wọ́n fi èmi sílẹ̀."

"Mo ní kí Lonnie pè ọ́. Ó ní, 'Ẹ fi Roscoe sílẹ̀. Ó wù ú kí wọ́n rí òun. Ó sì dáa kí ẹnìkan kọjú síta, kí wọ́n má baà wí lọ́jọ́ kan pé kò sẹ́ni níbẹ̀.'"

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"O bi í?"

Mo sọ fún un pé okùn abẹ́ àga rẹ̀ ti ń tú. Mo kúnlẹ̀ láti tún un ṣe. Kò sí okùn tó tú. Vernell gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà kí àyè lè gbà mí, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mi ò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n mo dúró kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kí n tó pe Marisol. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Yí wọn padà sógiri. Gbogbo wọn. Lonnie náà."

"Ó dá yín lójú?"

"Yí èmi náà."

"Ẹ̀yin?"

"Ojú ìwé yìí nìkan! Má fọwọ́ kan àwọn yòókù."

Mo rò pé nǹkan ńlá ni mo ṣe. Ní ọ̀sán mo pe Vernell láti fi yangàn fún un. Ó ní, "Má purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé o yí?"

"Mi ò yí."

"Dúró bí o ṣe dúró, jàre. Kò sẹ́ni tó rán ọ níṣẹ́ ìpàkọ́."

Mo tún pe Marisol. Ó ní bí mo bá tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á sọ mí di ajá nínú àwòrán náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Yìnyín ti yọ́, odò ti kún. Ẹyin ti wálẹ̀ díẹ̀.

Ìjà mìíràn rèé. Gretchen fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ojú ìwé ijó gùn: òfin, ọlọ́pàá, ọdún, gbogbo rẹ̀. Mo ní ọmọ tí eyín rẹ̀ ti yọ ò ní jẹ ìyẹn. Ó ní kí ni kí a wá kọ? Mo kà á fún un lórí fóònù, láti orí mi, bí mo ṣe dúró láàárín àwọn àga tí mo tú:

"Ẹnìkan láàárín wa ò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Gbogbo ilé bá a kọjú sógiri, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni náà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọjú síta, kí n lè wá sọ fún yín."

Gretchen ní òun á gé ọ̀rọ̀ kan kúrò. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ò ní kúrò níbẹ̀. Kíláàsì kẹfà!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ó ti lọ. Marisol tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà báyìí, ó ní ó ti dé ibẹ̀. Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀ nìkan ni? Mo ti rò pé a máa di í sínú páálí. Ojú ìwé ijó kún fún ẹ̀yìn: ẹ̀yìn gíga, ẹ̀yìn kúkúrú, aṣọ àwọ̀ ewé kan láàárín wọn, èmi sì rèé tí mo yọ eyín síta. Kò jọ ẹni tó fẹjọ́ sùn mọ́. Mo ra ẹja fún Marisol àti ìyàwó rẹ̀.

Vernell pè nígbà tí mo délé. Ó bi mí ọjọ́ tí mo tún ń lọ kàwé fún àwọn ọmọ nílé ìkàwé. Mo ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní mọ́tò ilé àwọn àgbà máa ń gbé wọn wá síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, òun á bá àwọn ìyá àgbà yòókù jókòó lẹ́yìn. Inú mi dùn, mo ní màá fi àga tìmùtìmù síwájú fún un, màá sì sọ fún gbogbo ilé pé...

"Roscoe."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Tí a bá débẹ̀, o ò mọ̀ mí rí."

Mo ti ń kí èèyàn láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ń kí ọlọ́pàá tó mú mi. Mo ń kí ajá. Kò sí ibi tí mo bá àgbà tí mo kọjá láìtẹrí ba, pàápàá àgbà tó jẹ́ tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wọ kóòtù pupa mi, màá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé níbi tí àwọn ìyá àgbà jókòó sí. Màá rí Vernell. Màá kí ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀, màá kí ẹni tó wà lósì rẹ̀, màá sì kọjá lọ síwájú láti lọ kàwé.